Pèrègún Ààlà Wa ní Owódé

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tí mo ti kúrò nílé wa ní Ṣàpọ́n. Orúnkún ń dun bàbá mi, ni wọ́n bá rán mi lọ sóko wa lẹ́yìn Owódé. Bàbá Sùlè, tí oko tiwọn bá tiwa pààlà, fẹ́ fi katakata ro ilẹ̀ lọ́jọ́ náà, wọ́n ní kí ẹnì kan láti ilé wa wá fi ààlà han awakọ̀.

"Pèrègún ni ààlà wa," ni bàbá mi wí. "Ṣùgbọ́n kí o..."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, ta ni ò mọ pèrègún?" Ó kúkú wà níwájú ilé wa, ewé rẹ̀ pupa fòò.

Ẹgbẹ̀rún kan àbọ̀ náírà ni mọ́tò gbà ní gáréèjì Kútọ̀. Ní Owódé, mo jẹ ìrẹsì ọ̀fàdà nínú ewé. Ká sòótọ́, ó dùn ju ti àdúgbò wa lọ. Ọlọ́kadà tó gbé mi wọ oko ń wo ẹsẹ̀ mi.

"Bọ̀ọ̀dá, bàtà funfun lẹ fẹ́ fi roko?"

"Wa ọ̀kadà ẹ, jàre."

Bàbá Sùlè, Múfú ọmọ wọn, àti awakọ̀ katakata ti ń dúró. Mo wò yíká, mo rí pèrègún pupa mẹ́ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ahéré kan tó ti wó láàárín ẹ̀gẹ́. Mo nàka sí i: "Ààlà wa nìyẹn!" Awakọ̀ ti ṣáná sí ẹ́ńjìnnì.

Bàbá Sùlè gbọ́wọ́ sókè. "Dúró ná. Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o fẹ́ fi ìdajì ilẹ̀ bàbá ẹ ta mí lọ́rẹ ni?"

"Ṣebí pèrègún nìyẹn, sà?"

"Pèrègún ni. Ìyá bàbá ẹ ló gbìn ín fún ẹwà. Pèrègún tààlà nìyẹn lọ́hùn-ún."

Mo wò ó. Igi tó ga jù mí lọ ni, ewé tútù gbọọrọ bíi ti àgbàdo, wọ́n tò lọ tààrà. Ẹ̀gẹ́ tí à ń jẹ ló wà láàárín méjèèjì. Ká ní wọ́n dákẹ́, katakata ì bá ti kó gbogbo ẹ̀.

A wá rin ààlà náà látòkè délẹ̀. Wọ́n fi oríṣi igi làpálàpá méjì hàn mí: ọ̀kan kúrú, ewé rẹ̀ pọ́n, èkejì ga, òun ni wọ́n fi ṣọgbà. Orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè gbogbo ewé tí mo rí.

Iná ti jó pèrègún kan kú. Bàbá Sùlè gé ọ̀pá tútù lára òmíràn láti fi dípò rẹ̀. Ilé méjèèjì ló gbọ́dọ̀ jọ dì í mú gbìn, bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbẹ̀ nìyẹn, ni èmi àti Múfú bá jọ dì í mú.

"Ọ̀gá Ṣàpọ́n, tẹ̀ ẹ́ dáadáa," ni Múfú wí. "Kì í ṣe fóònù."

Mo délé kí wọ́n tó kírun Àlàásárì. Mo sọ gbogbo ẹ̀ fún bàbá mi, n ò fi kan pa mọ́. Wọn ò bú mi. Wọ́n pe Bàbá Sùlè lórí fóònù, wọ́n dúpẹ́ títí.

Mo lè dijú rin gbogbo Ṣàpọ́n já, irọ́ kọ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni mí, ọjọ́ yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ibi tí ilẹ̀ wa parí sí.