Ìyá Tí A Kò Gbọdọ̀ Kí

“Àṣàkẹ́, ṣé dáadáa lo jí?”

Garawa omi wà lórí mi, mo ń bọ̀ láti ìdí kànga. Ìyá àgbà ló yọjú lójú fèrèsé, òórùn tábà wọn gba gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo wojú ilẹ̀, mo yára kọjá. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà náà. Àgbà ń kí ọmọdé, ọmọdé kò dáhùn! Ní agbo ilé wa ní Bẹẹrẹ, níbi tí ìyàwó ilé ti ń kúnlẹ̀ kí ọmọ tí kò tíì hu eyín, èèwọ̀ gbáà ni. Ojú ń tì mí.

Àbúrò bàbá àgbà mi ni wọ́n, ìwé ni wọ́n ń kọ. Wọ́n ti kọ ọkọ sílẹ̀, wọ́n gé irun mọ́lẹ̀, wọ́n ń fa ìkòkò tábà ní gbangba, ará ilé kàn ń rẹ́rìn-ín ni. Kí a tó gbálẹ̀ tán láàárọ̀, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wọn á ti máa ró ta-ta-ta. Àwọn ló kọ́ mi ní ìwé kíkà. Bí mo bá ń pariwo, wọ́n á ní, “Ẹnu lo fi ń kà á. Fi ojú kà á.”

Ìgbà tí wọ́n kọ ìtàn ọmọbìnrin ilé wa kan ni ọ̀rọ̀ bẹ́yìn yọ. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni ọmọ náà nígbà tí ẹbí fi í fọ́kọ, orí ìkúnlẹ̀ ló kú sí. Òun ló máa ń dirun fún mi. Gbogbo ilé ní àmúwá Ọlọ́run ni. Ìyá àgbà kọ ọ́ pé Mógàjí, olórí ẹbí wa, ló fà á fún ọ̀rẹ́ rẹ̀, ìwé náà sì ń tà títí dé ẹsẹ̀ òkè Mápó.

Ọmọ bíbí ilé ni ìyá àgbà, kò ṣeé lé jáde. Mógàjí bá pèpàdé. Ó ní, “Ẹnikẹ́ni tó bá kí i, tàbí tó dá a lóhùn, kó di ẹrù rẹ̀ kúrò nílé yìí.”

Fún oṣù méje, àràárọ̀ ni ìyá àgbà ń fi oríkì kí wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sẹ́ni tó jẹ́ hòo.

Lọ́jọ́ Àlàmísì kan, fèrèsé wọn kò ṣí. Bí èmi àti ìyá mi ti ń ṣa ẹ̀wà, mo ní, “Ìyá, n ò gbọ́ ìró ẹ̀rọ wọn lónìí o.”

“Ta ló ní kó o máa tẹ́tí?” ìyá mi dáhùn, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ dúró nínú ẹ̀wà.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà wọn. Mo gbọ́ tí nǹkan ń rọra gbá ilẹ̀kùn láti inú, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì. “Ẹ káàárọ̀ mà” ti dé ètè mi. Mo gbójú sókè, Mógàjí jókòó lọ́ọ̀ọ́kán, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́, ó ń wò mí. Mo kọjá lọ.

Ọjọ́ Sátidé ni ará ilé tó já ilẹ̀kùn. Ẹ̀yìn rẹ̀ gan-an ni ìyá àgbà wà. Obìnrin tó wẹ òkú náà sọ pé rọpárọsẹ̀ ti mú apá wọn kan, àti pé kò tíì pé ọjọ́ kan tí wọ́n kú.

Lónìí, ìwé wọn ni ọmọ mi ń kà ní iléèwé. Ará ilé ti kọ orúkọ wọn gàdàgbà sára ògiri iwájú ilé, wọ́n fi ń yangàn. Bí ọ̀rọ̀ ikú wọn bá délẹ̀, gbogbo ẹnu á ní Mógàjí ló pa wọ́n. Mógàjí ti kú, ó rọrùn láti di ẹrù rù ú. Ṣùgbọ́n ibi tí Mógàjí jókòó sí jìnnà, kò gbọ́ ìró ilẹ̀kùn náà. Èmi ni mo gbọ́ ọ.