Ọjọ́ tí mo mú ìyá àfẹ́sọ́nà mi lọ wo iṣẹ́ ọnà

Mánigbàgbé ni ọjọ́ tí mo mú ìyá àfẹ́sọ́nà mi láti Agége lọ sí ilé iṣẹ́ ọnà ńlá kan ní Ìkẹjà GRA. Wọn kò tíì gbà kí n fẹ́ ọmọ wọn, nítorí náà orí fóònù ni mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n lè rí i pé mo lajú.

Inú ilé náà tutù nini. Àwọn èèyàn ń mirí níwájú ère tí kò yé wọn, èmi náà sì ń mirí. A dé iwájú ẹ̀wù eégún kan tó dá dúró. Màmá fà sẹ́yìn.

“Ṣé kò sẹ́nì kankan nínú ẹ̀?”

Mo rẹ́rìn-ín. “Mà, aṣọ lásán ni.”

Bí ẹ̀rọ amúlétutù ṣe fẹ́ fìì nìyẹn. Ẹ̀wù náà gbọ̀n, ó sì yíjú sí mi. Pàṣán tí eégún fi nà mí lọ́mọdé tún ta mí lẹ́yìn. Ẹsẹ̀ mi kò bèèrè ìwé ẹ̀rí yunifásítì. Ẹnu géètì ni mo ti rántí pé mo mú ẹnì kan wá.

Màmá bá mi níbẹ̀, bàtà mi kan lọ́wọ́ wọn. Mo dọ̀bálẹ̀.

“Dìde, mo ti gbà,” ni wọ́n wí. “Ẹni tó mọ̀ ọ́n sá báyìí kò ní tètè sọ ọmọ mi di opó.”