Rájí Tó Ń Ṣọ́ Igi Ìdábùú

Ẹni tó bá rí Rájí nídìí igi ìdábùú láàárín ọdún 1953 sí 1958 á rò pé ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí. Mọ́tò kankan kò lè ti ojú títì wọ àdúgbò wa ní Ìwó láìgba ọ̀dọ̀ rẹ̀ kọjá. Ọparun gígùn kan ni kánsù gbé dábùú ẹnu ọ̀nà. Wọ́n so òkúta mọ́ ìdí rẹ̀, wọ́n so okùn mọ́ orí rẹ̀. Bí Rájí bá tú okùn, ọparun á gbéra sókè. Bí ó bá fà á, á wálẹ̀. Abẹ́ àtíbàbà kékeré kan ló máa ń jókòó sí, èmi sì ń pàtẹ ọṣẹ àti àlùbọ́sà sí ẹ̀gbẹ́ àtíbàbà náà. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má wulẹ̀ wá bá mi jiyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ojú mi ló ṣe.

Àwọn kan máa ń sọ pé kánsù ló ṣàánú wa tí wọ́n fi ṣe òfin igi náà. Àánú wo? Rájí ló fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sọ́dọ̀ wọn títí ìdí bàtà rẹ̀ fi lu. Àgbẹ̀ ni tẹ́lẹ̀, oko rẹ̀ wà lọ́nà Kuta. Nígbà náà, àwọn oníkòkó àti ẹlẹ́kùrọ́ ń háyà yàrá nínú ilé tí à ń gbé, wọ́n ń kó ẹrù sí i. Lọ́rì á wọ àárín agboolé, á máa fi ẹ̀yìn rìn láàárín ewúrẹ́, ìkòkò àti ọmọ ènìyàn. Ọ̀kan nínú wọn fi ẹ̀yìn rìn títí ó fi tẹ Mùrí, ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí Rájí bí, mọ́ ògiri. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni. Awakọ̀ kò tilẹ̀ mọ̀. Àwọn obìnrin ló figbe bọnu tó fi dúró. Láti ọjọ́ náà ni a kò ti pe Rájí ní Bàbá Mùrí mọ́. Bàbá Hàbíbátù la wá ń pè é, nítorí ọmọbìnrin rẹ̀ nìkan ló kù.

Nígbà tí òfin jáde, akọ̀wé kánsù wá kà á fún wa níwájú mọ́ṣáláṣí. Lọ́rì tó bá ru ẹrù kò gbọdọ̀ kọjá igi ìdábùú. Gáréèjì ni yóò ti já ẹrù rẹ̀, kí àwọn alábàárù máa rù ú wọlé. Àfi mọ́tò tó bá gbé aláìsàn, aboyún tó ń rọbí, tàbí òkú. Wọ́n ní ta ni yóò máa ṣọ́ ọ? Gbogbo wa wo Rájí. Ó gba iṣẹ́ náà bí ẹni gba àmánà, ó fi oko sílẹ̀ fún àbúrò rẹ̀.

Ní ọdún kìíní, ọmọ kankan kò fara pa. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ, nítorí àwọn èèyàn ti gbàgbé: ọmọ kankan kò fara pa.

Ṣùgbọ́n ẹ mọ àwọn onímọ́tò wa. Owó alábàárù ń dùn wọ́n, ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọgbọ́n. Ọ̀kan tí wọ́n ń pè ní Dúró ló ṣe èyí tó burú jù. Ó gbé ìyàwó rẹ̀ sórí àpò ẹ̀kùrọ́, ó ki ìrọ̀rí sábẹ́ ìró rẹ̀, ó ní kó máa kérora. Rájí gbọ́ igbe, ó tú okùn kíá, ó tún ń sáré níwájú mọ́tò, ó ń lé àwọn ọmọdé kúrò lọ́nà. Nígbà tí wọ́n dé ẹnu sítọ́ọ̀, aboyún bẹ́ sílẹ̀, ó yọ ìrọ̀rí, ó ń bá wọn já ẹrù. Wolé-wolé kan ń kọjá lọ lásìkò náà. Wọ́n pe Rájí sí kánsù, wọ́n sọ̀rọ̀ sí i bí ọmọdé, wọ́n ní bí irú rẹ̀ bá tún ṣẹlẹ̀, àwọn yóò hú igi náà kúrò, torí kò wúlò. Ìyẹn ló dẹ́rù bà á. Kí wọ́n hú igi, kí lọ́rì tún padà wọ agboolé: kò lè ronú kàn án kí ó sùn.

Àwa ará àdúgbò kò sì ràn án lọ́wọ́. "Aboyún ẹlẹ́kùrọ́" di orin lẹ́nu wa. Bí ó bá ń kọjá, àwọn obìnrin á di ikùn mú, wọ́n á máa kérora. Èmi náà ṣe é. Ó máa ń rẹ́rìn-ín, àmọ́ inú rẹ̀ kò dùn. Láti ìgbà náà, bí awakọ̀ bá ní òun gbé aboyún, Rájí á lọ yọjú wò ó. Ìgbà mẹ́rin ló yọjú, irọ́ ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ní ìgbà karùn-ún, kò yọjú mọ́.

Ọ̀sán ọjọ́ òjò kan ni, ní ọdún 1955. Hàbíbátù ti lọ́kọ ní Ilé-Ogbó, oyún àkọ́bí ló wà nínú rẹ̀. Nínú ilé wọn, ọ̀dọ̀ ìyá ni obìnrin ti máa ń bí àkọ́bí, ọkọ rẹ̀ sì ti ń palẹ̀ mọ́ láti gbé e wá. Ọmọ kò dúró dè wọ́n. Ọkọ wà lóko nígbà tí ìrọbí mú un. Nàfísátù, àbúrò ọkọ rẹ̀, rí lọ́rì oníṣu kan tó ń bọ̀ wá sí Ìwó. Wọ́n tẹ́ ẹ sáàárín iṣu, wọ́n fi tapólì bò ó nítorí òjò.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n dé ìdí igi, Nàfísátù bẹ́ sílẹ̀, ó gba ẹ̀yìnkùlé sáré lọ pe ìyá Hàbíbátù àti agbẹ̀bí. Ó rò pé mọ́tò yóò tẹ̀lé òun. Awakọ̀ nìkan ló dé ọ̀dọ̀ wa, kò sì mọ ọmọ ẹni tó gbé.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí i. Aboyún wà lẹ́yìn mi, ó ń rọbí."

Rájí kò dìde nínú àtíbàbà. Òjò ń rọ̀ gan-an. Ó na ọrùn, ó rí iṣu.

"Tìrẹ, iṣu ló lóyún?" ló wí. "Ẹ̀kùrọ́ là ń rí tẹ́lẹ̀."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo rẹ́rìn-ín débi pé mo fọwọ́ gbá itan. N kò ní purọ́ fún Ọlọ́run.

Awakọ̀ sọ̀ kalẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ nínú ẹrọ̀fọ̀. Rájí ní àwọn tó ṣáájú rẹ̀ náà dọ̀bálẹ̀. A gbọ́ ìkérora kan lábẹ́ tapólì, ó lọ sílẹ̀, ni Rájí bá ní, "Èyí kò tilẹ̀ mọ̀ ọ́n ké." Awakọ̀ náà wò wá, ó wọ mọ́tò rẹ̀, ó fi ẹ̀yìn rìn padà sí gáréèjì láti lọ wá ẹni tí yóò bá òun gbé obìnrin náà.

Kò pẹ́ tí Ṣẹ̀fíátù, ìyàwó Rájí, fi já sí wa lójijì. Gèlè ti bọ́ lórí rẹ̀, agbẹ̀bí àti Nàfísátù ń bọ̀ lẹ́yìn.

"Bàbá Hàbíbátù, mọ́tò tó gbé ọmọ mi dà?"

N kò rí ojú ènìyàn tó yí padà bẹ́ẹ̀ rí. Ó sáré. Ó sáré lọ sí gáréèjì láìwọ bàtà, ó sì dé ibẹ̀ kí gbogbo wa tó dé. Abẹ́ páànù àwọn oníkòkó ni wọ́n tẹ́ Hàbíbátù sí, lórí àpò. Ibẹ̀ ló bí i sí. Ọmọkùnrin ni, ó tóbi, irun kún orí rẹ̀. Kò ké. Agbẹ̀bí gbá a nídìí, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́nu, kò ké. Ẹ̀gbẹ́ Mùrí ni wọ́n sin ín sí ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà.

Dúró wá bá wọn kẹ́dùn. Ó ṣe mí bíi kí n da omi ọṣẹ sí i lójú, àmọ́ ta ni èmi tí mo rẹ́rìn-ín?

A rò pé Rájí yóò fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ṣẹ̀fíátù bẹ̀ ẹ́ títí. Rájí ní bí òun bá kúrò, ta ni yóò mọ ohun tí igi náà wà fún? Ṣùgbọ́n ó ti yàtọ̀. Gbogbo lọ́rì tó bá dé ló ń gùn. Á ká tapólì, á fọwọ́ kan gbogbo ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀, iṣu, gààrí, àpò kòkó, á máa tẹ̀ wọ́n wò bóyá èyí tó gbóná wà níbẹ̀. Àwọn awakọ̀ kì í bá a jà. Wọ́n á pa mọ́tò, wọ́n á máa wo ilẹ̀.

Hàbíbátù náà kò bá a jà rí. Ì bá sàn ká ní ó bá a jà. Ó ń wá kí i, ó ń kúnlẹ̀, ó ń se oúnjẹ fún un, kò dárúkọ ọjọ́ náà.

Ní ọdún 1958, ó tún lóyún. Lọ́tẹ̀ yìí wọn kò jẹ́ kó pẹ́. Ó ku oṣù kan gbáko kí ó bí nígbà tí ó ń bọ̀ wá sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Láti àárọ̀ kùtù ni Rájí ti dúró sídìí igi, ó wọ aṣọ Jímọ́ọ̀ rẹ̀. Bí lọ́rì tó gbé e ti yọ lókè títì báyìí, ó tú okùn, ọparun gbéra sókè. Kò dúró wo ẹrù tó rù. Kò ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni rí láti ọjọ́ òjò náà.

Lọ́rì dúró kó tó dé ìdí igi. Hàbíbátù sọ̀ kalẹ̀, awakọ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó wá síwájú bàbá rẹ̀, ó kúnlẹ̀ tòun ti ikùn náà.

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá. Ẹ kú iṣẹ́."

"Àjíkẹ́," ló wí. Oríkì rẹ̀ nìyẹn. "Padà sínú mọ́tò. Ọ̀nà ti ṣí."

"Mo rí i, Bàbá. Ẹsẹ̀ mi ni mo fẹ́ fi wọlé."

"Ilé jìnnà, ọmọ mi."

"Mo mọ̀. Ẹ má bínú. Bí mo bá tún wà nínú mọ́tò níwájú igi yìí, àyà mi kò ní gbà á."

Ó dìde, ó gba abẹ́ ọparun kọjá, ó fi ọwọ́ kan ti ìbàdí, ó ń lọ díẹ̀díẹ̀. Awakọ̀ yí mọ́tò padà sí gáréèjì láti lọ já ẹrù rẹ̀. Kò sí ohun tó fẹ́ kọjá mọ́, ṣùgbọ́n Rájí di okùn mú, ó ń sunkún, kò sì fa igi náà wálẹ̀ títí ọmọ rẹ̀ fi wọlé.