Àwòrán Kan Ṣoṣo tí Bàbá Zhai Ní

Fídíò ìgbéyàwó ni ọkọ mi, Pu Chengyi, fi ń bọ́ wa. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni fíìmù àwọn èèyàn tí ẹnikẹ́ni kì í bojú wò. Kò sí iléeṣẹ́ tó rán an, kò sì sí ilé sinimá tó máa gbà á. Bó bá parí ọ̀kan, á pe èèyàn mẹ́wàá sí pálọ̀ wa ní ìlú Taiyuan, wọ́n á wò ó lára ògiri, wọ́n á mu tíì, wọ́n á lọ.

Ọdún méje ló fi ń ya Bàbá Zhai. Bàbá náà ti wa èdú lábẹ́ ilẹ̀ fún ọdún mọ́kàndínlógún, eruku rẹ̀ sì ti kún ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Kò lè rìn dé ẹnu ọ̀nà láì dúró mí. Òun nìkan ló ń gbé inú ilé tí wọ́n gbẹ́ sára òkè, lábúlé tí àwọn ọ̀dọ́ ti kó kúrò. Chengyi á wọ bọ́ọ̀sì lọ bá a, á máa yà á bó ṣe ń se ẹ̀kọ jéró, bó ṣe ń wúkọ́, bó ṣe ń jókòó. Ohun kan ló bẹ̀ ẹ́.

“Bàbá, ẹ má wo kámẹ́rà o. Ẹ ṣe bí ẹni pé mi ò sí níbí.”

“Ìwọ tó ga bí òpó iná yìí? Ṣé afọ́jú ni mí ni?”

Ṣùgbọ́n ó gbà, ó sì mọ́ ọn lára. Lọ́jọ́ tí mo tẹ̀ lé ọkọ mi lọ, bàbá náà ò wò mí títí Chengyi fi pa kámẹ́rà. Ìgbà yẹn ló wá bi mí pé, “Ìyàwó, ṣé ó máa ń sọ̀rọ̀ nílé? Níbí, bí ológbò tó ń ṣọ́ eku ló ń ṣe.”

Nígbà òtútù tó kọjá, Yunxia, ọmọ bàbá náà tó ń rán bàtà ní gúúsù, pè wá.

“Ẹ̀gbọ́n Pu, bàbá mi ti lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá fọ́tò tá a máa gbé síwájú pósí. Ti inú káàdì ìdánimọ̀ ẹ̀ ti ṣá. Kó ṣáà kọjú sí wa.”

Chengyi ní kò le. Ó jókòó ti kọ̀ǹpútà láàárọ̀. Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, ojú rẹ̀ ti pọ́n, ó fi orúkọ ọmọ wa pè mí.

“Ìyá Rui, kò wò mí rí. Èmi náà ni mo ní kó má wò mí.”

Mo gbàyè níbi iṣẹ́, a jọ ń wá a. Ẹ̀gbẹ́ ojú, ìpàkọ́, orí tó tẹ̀ ba la ṣáà ń rí. Ọrùn dùn mí. Lọ́jọ́ kejì la rí i. Nínú fídíò náà, ikọ́ mú bàbá náà, kò jẹ́ kó mí. Ó gbójú sókè, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ó wo ojú kámẹ́rà gan-an.

“Gbé nǹkan yẹn sílẹ̀, kó o bu omi fún mi.”

Kámẹ́rà náà ò mira. Mo ka èémí ara mi dé mọ́kànlá kí kámẹ́rà tó lọ sílẹ̀.

“Mo rò pé ẹsẹ̀kẹsẹ̀ ni mo dìde,” ni Chengyi wí.

Ojú yẹn ni wọ́n gbé síwájú pósí. Yunxia dúró tì í pẹ́.

“Bó ṣe máa ń wò wá gan-an nìyí. Kí ló ń sọ?”

“Omi ló ń bèèrè,” ni Chengyi wí.

“Ṣé ẹ fún un?”

“Mo fún un. Ó pẹ́ díẹ̀.”

Nígbà tí wọ́n fẹ́ gbé pósí, ọwọ́ ò tó, ó sì yíjú sí ọkọ mi. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ wá gbé apá ẹsẹ̀ ẹ̀.” Chengyi gbé e gun òkè, lórí yìnyín, títí dé ojú oòrì. Èjìká rẹ̀ bó.

Láti ìgbà náà, kò tíì ṣí fíìmù náà wò. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń bèèrè ọjọ́ tó máa parí, á ní ó ti rẹ òun. Ó ti rẹ èmi náà. Mi ò bi í nípa fíìmù náà mọ́.