Ìgò Ewé Òkun Sii Mungi

Títí dòní, bí ọdún Hijira bá ti yí po ní erékùṣù Kerkena, ẹnìkan yóò ṣáà sọ ìtàn ọbẹ̀ Sii Mungi. Ọjọ́ àkọ́kọ́ ọdún ni gbogbo ilé ń se mulukíyà, ewé gbígbẹ tí wọ́n lọ̀ kúnná, kí ọdún lè jẹ́ ọdún ewé tútù. Lọ́dún kan, Ìyá Manubia, ìyá ìyàwó rẹ̀, nawọ́ sórí pẹpẹ, ó mú ìgò ìyẹ̀fun aláwọ̀ ewé kan, ó dà á sínú òróró ólífì gbígbóná. Kò mọ̀ pé ewé òkun ni, ewé tíntìntín tí ojú lásán kò lè rí, tí ọkọ ọmọ rẹ̀ fi gbogbo ìgbà òtútù gbìn sínú omi iyọ̀, kó tó sá a gbẹ.

“Ọbẹ̀ yìí ń rùn bí èbúté,” ni àlejò kan wí.

“Imú yín ni kò gbádùn,” Ìyá Manubia dá a lóhùn. “Ẹ jẹun jàre!”

Dorsaf, tó ń bá Sii Mungi ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń sin ọmọ ẹja, wà níbẹ̀. Ó fọwọ́ di etí, ó ń dúró de ariwo. Sii Mungi wo ìgò òfìfo, ó wo ìkòkò, ó jókòó, ó fi búrẹ́dì fa ọbẹ̀.

“Ìyá, ẹ fi iyọ̀ sí i?”

“Mo fi sí i dáadáa.”

“Kò nílò rẹ̀. Inú iyọ̀ ni wọ́n bí i sí.” Ó sì tún bu àwo kejì.

Bí Sii Mungi ṣe rí nìyẹn. Ọjọ́ tí Dorsaf kọ́kọ́ dé ibi iṣẹ́, Sii Mungi bu omi láàárín àpáta etíkun, ó kán ẹ̀kán kan sábẹ́ awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá.

“Kí lo rí?”

“Ẹ̀gbin, ọ̀gá.”

“Ẹ̀gbin bàbá ta ni? Tún un wò!”

Ẹ̀gbin náà bá mira. Ó rí bí ẹyin, àwọ̀ rẹ̀ dà bí ewé tútù yọ̀yọ̀, ó ń fi irun mẹ́rin wẹ̀ lọ. Ẹnu Dorsaf kò padé mọ́.

“Irun mẹ́rin, àbí?” ni Sii Mungi wí. “Ohun tí a fi ń dá a mọ̀ nìyẹn. Ọ̀kan ṣoṣo yìí la ó gbìn.” Ó fi ọ̀pá dígí tín-ínrín fà á jáde kúrò láàárín àwọn yòókù. Kí oṣù tuntun tó lé, ọ̀kan náà ti pọ̀ kún odindi ọpọ́n omi. Nígbà tí Dorsaf ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, kò rí ìka ara rẹ̀ mọ́. Ẹ̀rù Ọlọ́run bà á.

Sii Mungi gbé ìrù ẹja gbígbẹ kọ́ sórí ọpọ́n kọ̀ọ̀kan nítorí ojú burúkú. Láràárọ̀ ló ń kí ewé inú wọn. Ó tún pín ìgò omi ewé náà fún àwọn obìnrin àdúgbò pé kí wọ́n gbé e sójú fèrèsé.

“Bí ìwúkàrà búrẹ́dì ni,” ló wí. “Ẹ má jẹ́ kó kú mọ́ yín lọ́wọ́.”

Ta ni yóò fẹ́ kí aládùúgbò gbọ́ pé ìwúkàrà òun kú? Gbogbo wọn tọ́jú rẹ̀ bí ọmọ.

Ní ẹ̀ẹ̀rùn kan, atẹ́gùn gbígbóná jà láti aṣálẹ̀, iná lọ, ewé inú gbogbo ọpọ́n sì kú, ó funfun, ó ń rùn. Bẹ́ẹ̀, ẹyin ẹja ti pa ọmọ. Kòkòrò omi ló ń jẹ ewé yìí, ọmọ ẹja ló ń jẹ kòkòrò. Bí ewé kò bá sí, gbogbo wọn yóò kú, ẹni tó ni ibẹ̀ yóò sì tì í pa. Dorsaf bú sẹ́kún.

“Gbé garawa,” ni Sii Mungi wí. “Ká lọ ṣagbe.”

Ojúlé dé ojúlé ni wọ́n lọ. Àwọn obìnrin ń du ẹni tí tirẹ̀ tutù jù, ṣùgbọ́n ti Ìyá Manubia ló borí.

“Ṣé ẹ rí i?” ló wí. “Èmi ni mo fi se ọbẹ̀ rí. Ó mọ̀ mí.”

Láti inú àwọn ìgò wọ̀nyẹn ni ọpọ́n ti tún padà ní àwọ̀ ewé tútù. Ẹja yè.

Sii Mungi kú nígbà òtútù tó kọjá. Lẹ́yìn àdúrà ogójì ọjọ́ rẹ̀, Dorsaf bá Ìyá Manubia lójú fèrèsé, ó ń mi ìgò rẹ̀ jẹ́jẹ́.

“Ìyá, ẹ ṣì ń kí i?”

“Kí ló ṣe tí n kò ní kí i? Kì í dáhùn, ṣùgbọ́n ọkọ ọmọ mi náà kì í dáhùn bó bá ti tẹjú mọ́ awò.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omijé fi dé. Dorsaf gba ẹ̀kán kan nínú ìgò náà lọ síbi iṣẹ́, ó tẹjú mọ́ awò. Irun mẹ́rin. Ó ń wẹ̀ lọ bí ẹni tí nǹkan kan kò ṣe rí.

“Ẹ káàárọ̀, ọ̀gá,” ni Dorsaf wí.