Ohùn Mi Lórí Oògùn Ìdun

Ní àwọn ọdún tí mo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, èmi ni mo ń ka ìkéde fún ẹgbẹ́ àwa ọmọ Yorùbá ní Kumasi, ní ilẹ̀ Gánà: ti ìsìnkú, ti ìkómọ, ti ìpàdé. Mo ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ ọmọ ní ilé-ìwé, èmi kì í sì í ka ohun tí kò bá dá mi lójú. Bí ọ̀rọ̀ bá ti ẹnu mi jáde, àwọn ènìyàn a ní ó ti parí.

Ohun tí Àlàájì kan, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí ó ń tajà ní ọjà Kejetia, wá wá sí ilé mi ní àdúgbò Krofrom nìyẹn. Ó ní oògùn ìdun lẹ́búlẹ́bú kan láti tà. Ó fẹ́ kásẹ́ẹ̀tì tí yóò máa ké láti inú ẹ̀rọ gbohùngbohùn lórí ìsọ̀ rẹ̀. Ó ti rí ẹni tí yóò kà á ní Twi, èdè àwọn ará ibẹ̀. Ti Yorùbá ni ó kù. Ó na ìwé kan sí mi. Ohun tí a kọ síbẹ̀ ni pé ẹni tí ó bá wọ́n oògùn náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ti bọ́ lọ́wọ́ ìdun títí ayé.

Mo bi í léèrè ẹni tí ó dán an wò títí ayé. Ó rẹ́rìn-ín. Kò rọrùn fún mi láti kọ̀ fún un, nítorí pé ní ọdún ọ̀dá, nígbà tí gàrí di ohun àwátì, òun ni ó ń bu tirẹ̀ ránṣẹ́ sí agbo ilé wa. Síbẹ̀, mo ní kí ó fi àpò kan sílẹ̀, kí ó sì fún mi ní oṣù kan.

"Ìyá Tísà, ṣé ìdun náà ni ẹ fẹ́ kọ́ níwèé ni?"

"Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mọ iye tí yóò wá sí kíláàsì, Àlàájì."

Bẹ́ẹ̀dì méjì ni ó wà nínú ilé mi, ìdun sì wà nínú méjèèjì. Kò sí ilé kan ní àdúgbò wa nígbà náà tí ó lè búra pé òun kò ní. Mo wọ́n oògùn sí ọ̀kan, mo fi èkejì sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ní àràárọ̀ ni mo ń fi abẹ́rẹ́ wá ojú rírán tìmùtìmù, tí mo sì ń kọ ohun tí mo rí sílẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta, ìdun bẹ́ẹ̀dì àkọ́kọ́ ti kú tán, ti èkejì ń sanra. Inú mi dùn sí Àlàájì. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kejìdínlógún, mo rí wọn tí wọ́n tún ń ti ara ògiri bọ̀.

Nítorí náà, mo tún ìwé rẹ̀ kọ: oògùn yìí ń pa ìdun, kì í ṣe títí ayé, ẹ tún un wọ́n lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹ sì sá tìmùtìmù yín sóòrùn. Ó kùn pé ta ni yóò ra oògùn tí ó ń jẹ́wọ́ ara rẹ̀. Mo ní bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí ó wá ohùn mìíràn. Ó gbà, mo sì kà á sínú kásẹ́ẹ̀tì.

Ní oṣù tí ó tẹ̀lé e, mo lọ ra òwú ní Kejetia. Mo gbọ́ ohùn ara mi lókè orí èrò: "Oògùn yìí ń pa ìdun." Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ohùn Twi gbà á, ó ń ṣèlérí títí ayé. Mo dúró títí kásẹ́ẹ̀tì náà fi tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Bákan náà ni. Obìnrin kan tí mo ti kọ́ rí wà ní ìsọ̀ náà, àpò oògùn kan wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí mi.

"Ohùn yín ni mo gbọ́ tí mo fi rà á, Ìyá Tísà. Ìdun ti tán nílé wa nìyẹn."

Mo dúró ti ìsọ̀ náà. Nígbàkígbà tí ohùn mi bá dákẹ́ nínú ẹ̀rọ, èmi fúnra mi a sọ ìyókù, ní Yorùbá, lẹ́yìn náà ní Twi. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í dúró wò. Àlàájì sún mọ́ mi, ó rọra ní mo ń lé oníbàárà òun, kí á jọ sọ ọ́ lẹ́yìn ìrun Alásárì.

"Ẹ ti gé ọ̀rọ̀ mi kù, Àlàájì. Ìyókù rẹ̀ ni mo ń kà."

Obìnrin náà dá àpò rẹ̀ padà. Àlàájì gbà á. Mo ń bá tèmi lọ. Ọ̀fun mi ti ń gbẹ, ẹsẹ̀ ń ro mí. Nígbà tí wọ́n pe ìrun, ó ṣí àpótí, ó yọ kásẹ́ẹ̀tì tí ọ̀rọ̀ mi pé nínú rẹ̀, ó fi rọ́pò èyí tí ó wà nínú ẹ̀rọ, ó sì gbé bútà omi àlùwàlá rẹ̀ lọ. Mo jókòó lórí àga rẹ̀ títí ohùn mi fi dé ibi tí mo ti ní kí wọ́n sá tìmùtìmù sóòrùn. Lẹ́yìn náà ni ohùn Twi bẹ̀rẹ̀, ó tún ní títí ayé. N kò dìde. Mo ń dúró de Àlàájì kí ó kírun tán.