Ọ̀rẹ́ Mi Tó Ń Ya Èèyàn Nínú Omi

Bí òjò bá ti dá ní Uselu, mo máa ń rántí ọ̀rẹ́ mi kan tá a jọ kọ́ iṣẹ́ ọnà ní Benin. Nígbà tí àwa yòókù bá ń sá fún ẹrẹ̀, òun á lóṣòó ti omi tó dúró lójú títì, á máa fi kámẹ́rà ya àwọn èèyàn tó hàn nínú rẹ̀. Mẹkáníìkì kan kígbe lọ́jọ́ kan pé, "Sister, wetin you dey find for inside gutter?"

Ó dá a lóhùn pé, "Na you I dey find."

Ó máa ń sọ fún wa pé kò sẹ́ni tó ń ṣakọ fún omi.

Ìyá mi kì í gbà kí wọ́n ya òun ní fọ́tò látìgbà tí iná gáàsì ti jó o lẹ́rẹ̀kẹ́. Lọ́jọ́ tí ọ̀rẹ́ mi wá kí wa nílé ní Ogida, ó bá a nídìí bàsíà omi.

"Mọ́mì, ẹ jẹ́ kí n ya yín nínú omi yẹn. Bí ẹ ò bá fẹ́ ẹ, màá pa á rẹ́ lójú yín."

"Inú omi kẹ̀? Ọmọ yìí, orí ẹ pé ṣá?"

Ẹ̀rín pa ìyá mi, ó tẹjú mọ́ inú bàsíà. Kámẹ́rà dún.

Ìyá mi wo fọ́tò náà títí. Àpá rẹ̀ hàn gbangba, ẹ̀rín rẹ̀ náà hàn. Mo rò pé ó máa sunkún.

"Ya òmíràn," ló wí. "Má ya omi mọ́. Èmi gan-an ni kó o yà."

Ó sì gbójú sókè.